Imú Mi ní Ìkọ̀gòsì

Oṣù kọkànlá ni, òjò ti dágbére,
eruwà ti yọ orí lẹ́yìn pápá,
ó ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń ná owó olówó.
Gbogbo ayé ló ní afẹ́fẹ́ òkè yìí dára,
ó mọ́, ó tutù, ó ń lé àárẹ̀ lọ.
Imú mi nìkan ni kò gbà.

Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé.
Ọdọọdún ni, láti ìgbà tí mo ti ń roko ilé-ìwé ní Arámọkọ:
bí eruwà bá ti tanná, ojú mi a pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún òkú,
àjà ẹnu mi a máa yún mi
níbi tí ọwọ́ kò lè dé.
Ṣùgbọ́n Ìbíwùmí ló fẹ́ fun fèrè,
orin kan ṣoṣo, láàárín ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàdínlógún.
Ta ni yóò sọ fún ọmọ pé koríko ni kò jẹ́ kí bàbá òun wá?

Mo fi róòbù ra ihò imú, mo so ìnujú mọ́ ẹnu bí olè,
mo jókòó síbi tí atẹ́gùn kò gbà kọjá.
Atẹ́gùn yí padà.

Mo sín.
Ìyá àgbà kan tí wọ́n jókòó tì mí ní, "Pẹ̀lẹ́ o."
Mo tún sín. "Pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń dárúkọ rẹ nílé."
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin: "Ó mà jọ pé gbèsè lo jẹ wọ́n."
Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, wọ́n gbé àga wọn síwájú díẹ̀,
wọn ò kí mi mọ́.

Nílùú tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù,
ihò imú mi méjèèjì di orísun,
ọ̀kan ń sun gbígbóná, ọ̀kan ń sun tútù,
ẹnikẹ́ni kò sanwó wá wò ó.

Onígìtá kan ń kọrin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìtàgé,
ó bẹ̀ wá pé ká dákẹ́, ká gbọ́ ọkàn ara wa.
Pápá dákẹ́. Mo sín.
Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ni mo bá rántí oògùn tí Fálẹ́yẹ oníkẹ́míìsì wé fún mi,
Pírítọ̀n, hóró kékeré.
"Ìlàjì ni kẹ́ ẹ lò o. Ó máa ń gbé èèyàn sùn."
Ìlàjì wo? Mo gbé odindi méjì mì, mo fi omi inú ọ̀rá lé e.

Kò pẹ́ tí imú fi gba ìpẹ̀.
Ojú là. Mo rí òkè, mo rí igi tíìkì tó tò lẹ́sẹẹsẹ,
mo gbọ́ tí wọ́n pe ọmọ mi nínú ẹ̀rọ.
Ó jáde, ó gbé fèrè sétè,
ó fun ohùn àkọ́kọ́,
ohùn gígùn kan, bí okùn tí wọ́n ń fà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga.
Mo ní kí n dijú kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Àtẹ́wọ́ ló jí mi.

Ìyá àgbà ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fi ìborùn nujú.
"Ọmọ yẹn pa mí lẹ́kún," ni wọ́n wí.
"Ìwọ tó ti ń sunkún láti àárọ̀, ìgbà tó yẹ lo wá dákẹ́."

Lálẹ́, nínú ọkọ̀ tá a ti fèrèsé rẹ̀ pa,
Ìbíwùmí bi mí: "Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá?"
Irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti wọṣọ tán.
"Mo gbọ́ ohùn àkọ́kọ́," ni mo sọ.
Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí yín láti òkè. Ẹnu yín là sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pè mí, ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni mo wà,
ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ wá.
Mo wá gbọ́ tẹ́ ẹ sín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á,
mọ́kànlá, méjìlá.
Mo ní, bàbá mi nìyẹn."

Mo nu imú.
Eruwà ṣì wà lára aṣọ mi.